Àgbá Búlúù Tí Hameed Fọ̀

Hameed Fágbénró yí àgbá rọ́bà náà dùbúlẹ̀ sórí táyà àlòkù méjì, ó fi òkúta há a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà yí, ó wá mú ọ̀bẹ kan tí ẹnu rẹ̀ ti kú. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àgbá náà ló kọ́kọ́ fẹ́ mú kúrò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé búlúù tó ń dán ni àwọn oníbàárà ń fẹ́.

Ó da omi gbígbóná sí ìwé náà, ó ní sùúrù kí gọ́ọ̀mù abẹ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí èèyàn bá ha á láti òkè wá sílẹ̀, jálajàla ló máa ń ya. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dán an wò títí ó fi yé e. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mọ bí wọ́n ṣe ń fi ayùn gé ọrùn àgbá tí kò ní í sán, àti bí wọ́n ṣe ń fi òkúta lọ ẹnu rẹ̀ kó má baà gé ọmọdé lọ́wọ́.

Ìdajì ìwé ọ̀hún ti ya dànù lójú ọ̀nà kó tó dé Ajégúnlẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju àwòrán kékeré kan lọ: igi kan tí kò léwé, àti ẹja kan tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹja rèé," ló wí fún Àlàájà Mujeedat, ìyá onílé wọn, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń fa tẹ̀súbà. "Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ ẹja ló ni eléyìí. Ó mọ́ ju gbogbo àwọn tó kù lọ."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àlàájà fèsì. "Èyí tó o gbé wá fún mi nígbà kan, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbóòórùn ọ̀dà nínú ọbẹ̀."

"Ọ̀dà tí ẹ fi kun ilé lẹ̀ ń gbóòórùn ẹ̀, Àlàájà."

"Èmi? Mo kun ilé? Hameed, wo ògiri yìí dáadáa, kó o tún ọ̀rọ̀ ẹ sọ."

Hameed rẹ́rìn-ín, ó bu yanrìn sínú àgbá náà, ó da ọṣẹ oníyẹ̀fun lé e, ó bu omi gbígbóná sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i síwá sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló ṣe é. Ọwọ́ àti imú ló fi ń dán àgbá wò. Bí ọwọ́ kò bá yọ̀ mọ́, tí imú kò gbọ́ òórùn kankan mọ́, àgbá ti mọ́ nìyẹn. Ọdún mẹ́fà ló ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ní Àpápá.

Iṣẹ́ náà wúlò, ẹnikẹ́ni kò lè jiyàn ìyẹn. Omi kànga àdúgbò náà pọ́n bíi tíì, ó sì níyọ̀. Omi rírà ni wọ́n ń mu. Àwọn ọlọ́mi a máa fi ọmọlanke gbé e wá. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á wá, lọ́jọ́ mìíràn ẹnikẹ́ni kò ní í rí wọn. Ẹni tí kò bá ní ohun ńlá tó lè pọn omi sí, òùngbẹ ni yóò fi sùn.

Morádéún, télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí ti Hameed, yọjú láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Àgbá tirẹ̀ ti sán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

"Bọ̀dá Hameed, ṣé èyí tí ẹ ní ẹ ó bá mi wá nìyí?"

"Òun ni, Ìyá Jọmí. Àgbá ẹlẹ́ja ni mo wá fún ọ. Ṣáà má jẹ́ kí Ebiere gbọ́, yóò ní òun ló ni í."

"Mo ti gbọ́ o!" Ebiere ló fi ohùn dáhùn láti ìdí ààrò tó ti ń yan ẹja tó rà bọ̀ láti Marine Beach. "Bọ̀dá, you no try at all. Èmi tí mò ń fún yín ní orí ẹja lọ́fẹ̀ẹ́!"

Jọmílójú, ọmọ Morádéún, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó sáré wá, ó ki orí bọ ẹnu àgbá tuntun náà, ó sì pariwo sínú rẹ̀. Àgbá dá a lóhùn. Ó tún pariwo, ó sì tún dá a lóhùn, títí ìyá rẹ̀ fi fà á kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀bá fèrèsé ni wọ́n gbé àgbá náà sí, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti máa ń wọlé. Ọlọ́mi pọn ọ́n kún lọ́jọ́ náà.

Ó di ọjọ́ kẹta. Jọmílójú ti ilé ìwé dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó bu omi kọ́ọ̀bù kan nínú àgbá náà, ó mu ún tán, ó tún bu òmíràn. Kò pẹ́ tí itọ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nù ún, itọ́ tún dà. Ọmọ náà ní inú ń run òun. Ó bì. Òógùn bò ó, ẹran ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ awọ, bí ẹni pé nǹkan kan ń rìn níbẹ̀.

"Jọmí! Jọmílójú! Ẹ gbà mí o!"

Gbogbo ilé dà jáde. Ẹnì kan ní ibà ni, ẹnì kan ní gìrì ni. Àlàájà ni tirẹ̀ ní májèlé ló jẹ. "Epo! Ẹ wá epo pupa wá kíá!"

Hameed ló sáré gbé ìgò epo tirẹ̀ wá. Òun náà ló di orí ọmọ mú tí wọ́n fi ń rọ epo sí i lẹ́nu. Ọmọ náà wú ikọ́, epo gba imú rẹ̀ jáde. Wọ́n tún rọ ọ́. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń retí kí epo ṣiṣẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Ó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí Ebiere tó fi ẹja sílẹ̀ lórí iná, tó pariwo lé wọn lórí.

"Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ ò rí i pé kò lè mí dáadáa? Hospital! Ẹ pe màrúwá!"

Ní ilé ìwòsàn ìjọba, dókítà obìnrin kan fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ọmọ náà. Dúdú àárín ẹyinjú rẹ̀ ti kéré bí orí abẹ́rẹ́. Dókítà kò bèèrè nǹkan kan kí ó tó sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wá. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló yíjú sí wọn.

"Ta ló fún un lépo?"

Hameed nu epo ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò.

"Epo kì í pa májèlé. Ó ti gba òfun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Iṣẹ́ méjì lẹ kó fún wa báyìí. Kí ló mu?"

"Omi," ni Morádéún wí.

"Omi inú kí ni?"

"Inú àgbá." Morádéún yíjú, ó wo Hameed.

"Kí ló wà nínú àgbá náà tẹ́lẹ̀? Ìwé ara rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti ha á," ni Hameed wí. "Àwòrán ẹja ló wà lára ẹ̀, dókítà. Ẹja àti igi. Mo rò pé oúnjẹ ẹja ni."

Dókítà náà yíjú sí i. "Bàbá, ẹja yẹn kò sùn, ó ti kú ni. Igi yẹn náà ti kú. Wọ́n fi ń sọ fún yín pé ohun tó wà nínú àgbá náà lè pa gbogbo ohun tó bá wà nínú omi. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi májèlé ló ń ru àmì kan náà. A ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Bí a bá mọ orúkọ rẹ̀ gan-an, a ó mọ oògùn tó yẹ ká fi kún un. Ẹ lọ wá orúkọ náà wá. Ẹ má pẹ́."

Hameed fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Warehouse Road, nítorí pé àwọn tírélà ti dí ọ̀nà, màrúwá kankan kò lè kọjá. Ó ń gba àárín wọn, ó ń tẹ ẹrẹ̀ àti epo dísù mọ́lẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilé ìkẹ́rùsí tó ti máa ń gbé àgbá, Obiora tó ń ṣọ́ ẹrù níbẹ̀ rí i, ó sì yára jáde wá pàdé rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí àgbá lónìí o."

"Mi ò wá ra àgbá. Orúkọ ohun tó wà nínú èyí tó o tà fún mi lọ́sẹ̀ yìí ni mo fẹ́ mọ̀. Èyí tó ní ẹja lára."

Ojú Obiora yí padà. "Àgbá wo? Èmi ò ta àgbá kankan fún yín rí."

"Obiora, èmi rèé. Ọmọdé kan ń kú lọ."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀, abeg! Ọ̀gá mi wà nínú ilé. Wọ́n ní ká máa dá wọn lu ká tó kó wọn dànù. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mò ń tà wọ́n, iṣẹ́ mi ti lọ."

"Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa dá wọn lu? Kí ló dé tí o kò dá tèmi lu?"

Obiora wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ra àgbá tó ń jò?"

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Hameed. Obiora kò tíì tó ọgbọ̀n. Hameed dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ olépo dísù náà, níwájú ọmọ tí òun lè bí.

"Ẹ dìde! Jésù! Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde, ẹ má ṣe mí báyìí!" Obiora fà á lápá, ó wo ẹ̀yìn, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mẹ́ta ṣì kù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi fóònù mi ya nǹkan kan fún yín o. Wọn ò gbọdọ̀ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi."

Fóònù Hameed kò lè ya fọ́tò. Ó wọlé, ó sì rí ìwé náà lódidi fún ìgbà àkọ́kọ́. Orí òkú àti egungun méjì ló wà ní ìdajì tó ti ya dànù lára tirẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí oko ni. Omi gbígbóná kò sí níbẹ̀, nítorí náà ó fi aṣọ rírin lé e, ó dúró kó rọ̀, ó wá fi èékánná bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ó ṣí kúrò lódidi. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ bí Obiora ti ní kó ṣe, ó kó ìwé náà sínú ọ̀rá, ó sì sáré gbé e lọ fún dókítà.

Jọmílójú kò kú. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé, àwọn aládùúgbò ń yọ̀, Ebiere sè fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ẹsẹ̀ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Dókítà ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ba iṣan jẹ́ lẹ́yìn tí èèyàn bá rò pé ó ti tán. Ìdí ni Jọmílójú wá fi ń wọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Kò pariwo sínú nǹkan kan mọ́.

Morádéún kò bá Hameed jà. Kò bú u. Bí Hameed bá ti ń kọjá, ńṣe ló máa ń tẹ orí ba sórí aṣọ tó ń rán, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì máa ké tatata títí yóò fi kọjá.

Ilé ìwòsàn ló ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ sì rán wolé-wolé kan wá, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Motọ́láyọ̀. Ó pe gbogbo ilé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta," ni Hameed wí fún un, kó tó bèèrè ohunkóhun. "Yanrìn, ọṣẹ, omi gbígbóná. Imú mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Mo gbà yín gbọ́, bàbá. Àlàájà, ẹ dákun, ṣé ẹ ní abọ́ rọ́bà tí ẹ fi máa ń bu ọbẹ̀?"

Àlàájà gbé e wá. Abọ́ náà ti fìgbà kan funfun. Ó ti pọ́n báyìí.

"Ẹ bá mi fọ̀ ọ́ kó funfun bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Háà! Ìyẹn ò lè funfun mọ́ títí ayé. Epo ti wọ̀ ọ́ lára."

"Epo ọbẹ̀ lásán nìyẹn," ni Motọ́láyọ̀ wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ni rọ́bà àgbá ṣe ń mu kẹ́míkà. Ọṣẹ ń fọ ojú rẹ̀, kò lè fọ inú ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa pọ̀ ọ́ padà sínú omi tí ẹ bá pọn sí i."

Hameed sún mọ́ ọn. Kò lè ṣe kó má bèèrè. "Ṣé oòrùn fèrèsé yẹn náà ń bá a ṣiṣẹ́?"

"Dáadáa ni. Bó bá ṣe ń gbóná tó ló ṣe ń pọ̀ ọ́ tó. Kòtò kéékèèké tó yí etí àgbá po náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ògidì oògùn máa ń lúgọ sí, kànìnkànìn kì í débẹ̀. Ọ̀pọ̀ májèlé ni kò lóòórùn, bàbá. Imú kò lè bá yín yẹ̀ ẹ́ wò."

Hameed jókòó sílẹ̀. Ó ti yé e, gẹ́gẹ́ bí nǹkan ṣe máa ń yé e: láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ì bá sàn fún un ká ní kò yé e.

"Mélòó lẹ ti tà?"

"Mẹ́tàlélógún lọ́dún yìí. Àwọn ti tẹ́lẹ̀ ti sán tán."

"Ta ló mọ ilé tí wọ́n wà?"

"Èmi nìkan."

Ní ọjọ́ kejì, ó ki ọ̀pá irin bọ inú ẹyin iná ààrò Ebiere títí ó fi pọ́n, ó fi akísà dì í mú, ó sì dá ihò márùn-ún sí ìdí àgbá Morádéún. Lẹ́yìn náà ló ń ti ilé dé ilé, tòun ti ọ̀pá irin àti ìkòkò ẹyin iná.

Kò sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé kan ní, "Ẹ dá a lu, ó dáa, ẹ wá sọ ohun tí n ó pọn omi sí lónìí." Òmíràn pè é ní apànìyàn lójú ọmọ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kéékèèké ni ọ̀pọ̀ wọn padà sí, tí wọ́n ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Ẹni tó gbóná jù ni Ephraim, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ìdí kánáàlì.

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń mu ún," ni Ephraim wí, tó dúró síwájú àgbá rẹ̀. "Ṣé òkú ló ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí? Fi irin yẹn kan àgbá mi, kó o wo ohun tí ojú ẹ máa rí!"

"Ẹ̀gbọ́n, oríṣi májèlé kan wà tí kì í pa èèyàn lójijì…"

"Jáde! Ìwọ lo tà á fún mi, ìwọ náà lo tún wá bà á jẹ́. Ṣé orí ẹ pé?"

Hameed gbé ọ̀pá irin àti ìkòkò iná rẹ̀. Ó padà sílé, ó sọ ọ́ fún Ebiere létí ààrò. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́.

Morádéún dìde, ó pọn Jọmílójú sẹ́yìn, ó sì jáde. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà Ephraim. Ẹsẹ̀ ọmọ náà méjèèjì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá. Ephraim wo ẹsẹ̀ náà. Ó wọlé, ó da omi inú àgbá náà sí gọ́tà, ó sì fúnra rẹ̀ yí i jáde.

Kí oṣù náà tó parí, Hameed ti dá àgbá méjìlélógún lu. Ó tò wọ́n sí ẹ̀yìn ilé kí Motọ́láyọ̀ wá kà wọ́n, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì kó wọn lọ. Motọ́láyọ̀ kà wọ́n, ó fi ìka tọ ihò wọn wò, ó ní iṣẹ́ náà dára. Nígbà tí Hameed ń padà wọlé, ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

"Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń na ẹsẹ̀ Jọmí ní ọsibítù kí iṣan rẹ̀ lè rọ̀," ni Morádéún wí. Kò gbé ojú sókè. "Aṣọ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi gbé e lọ."

"Màá gbé e lọ," ni Hameed wí.

Ẹ̀yin ará, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí nìyí. Àgbá tàbí kẹ́ẹ̀gì tí kẹ́míkà ti wọ inú rẹ̀ rí kò ṣeé pọn omi sí mọ́, kò ṣeé da epo tàbí gàrí sí, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó. Ohun tí wọ́n ṣe fún omi àti oúnjẹ nìkan ni kí ẹ rà. Bí ẹ bá rí àwòrán igi gbígbẹ àti òkú ẹja, orí òkú, tàbí ọwọ́ tí kẹ́míkà ń jẹ, lára ohun èlò, ìkìlọ̀ ni. Bí wọ́n bá sì ti ha ìwé rẹ̀ kúrò, ẹ sá fún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, ẹ dá a lu kó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹnì kan bá sì mu májèlé, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì fipá mú un bì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ, kí ẹ sì mú ìwé ara ohun tó mu dání.

Àgbá mẹ́tàlélógún ni Hameed tà lọ́dún náà. Méjìlélógún ló rí. Ẹni tó ra ìkẹtàlélógún ti kó kúrò ní Marine Beach, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó kó lọ. Búlúù ni àgbá náà, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Bó bá jẹ́ ilé yín ló wà, ẹ dá a lu lónìí.